Ọdẹ́wọyè àti Ọmọ Rẹ̀ ní Ilé-iṣẹ́ Àdídùn Ìyá Arẹmọlẹ́kún

Ẹ sún mọ́ra, ẹ jẹ́ kí èjìká kan èjìká. Ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́, kó tètè wú u, nítorí bí ìtàn yìí bá gbéra, kò ní dúró de ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ẹ̀ ń wọlé, ìyàwó mi gbé àwo kọjá níwájú yín, ẹnì kọ̀ọ̀kan yín sì mú baba dúdú kan níbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì jẹ ẹ́, àtàgbà àtọmọdé. Ẹ dì í mú. Bí ó bá ń yọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó máa yọ́.

Ṣé ẹ mọ ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀? Èmi Ọdẹ́dínà ni. Èmi ni mo di ìrù ẹfọ̀n mú títí ó fi bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, òun fẹ́ lọ wo àwọn ọmọ òun nílé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n bí mo ti le tó yìí, ọmọ ìka ni mo jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ọdẹ. Ọdẹ́wọyè ni orúkọ rẹ̀. Ìrìn-àjò rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín kí oòrùn tó wọ̀, kì í ṣe tèmi. Tèmi gùn ju èyí lọ, ó sì lẹ́rù ju èyí lọ, àmọ́ kò dùn tó o.

Ọdẹ́wọyè kì í bẹ̀rù ohun tó ní ìwo, kì í sì í bẹ̀rù ohun tó ní èékánná. Ohun kan ṣoṣo ló ń já a láyà, ìyẹn ni kí aráyé sọ pé ọmọ òun kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìbídùn ìyàwó rẹ̀ kú, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ fún un, Àwẹ̀ró, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká eyín. Láti ìgbà náà, bí obìnrin kan nínú agboolé bá bu oúnjẹ fún Àwẹ̀ró, ọmọ náà á kọ́kọ́ wo ojú bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ irú ìwò yẹn. Kò sí ẹni tí kò wo irú rẹ̀ rí nínú yín. Ọdẹ́wọyè á fi ẹnu sọ pé, "Gbà á, kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn," ṣùgbọ́n á ranjú mọ́ ọn. Àwẹ̀ró á káwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Ẹ ṣeun, mo ti yó." Àwọn obìnrin á yìn ín pé ọmọ tí a kọ́ tó gbẹ̀kọ́ nìyí. Orí Ọdẹ́wọyè á wú títí fìlà rẹ̀ á fi há a lórí.

Nígbà tó yá, ibà mú Àwẹ̀ró. Ibà lọ, ó fi ìkorò sílẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó jẹ ẹ̀kọ, ó ní ó korò. Ó jẹ iṣu, ó ní ó korò. Bàbá rẹ̀ fi oyin tọ́ ọ lẹ́nu, ó tu ú dànù, ó ní ewúro ni. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ọrùn rẹ̀ di tín-ín-rín, ojú rẹ̀ wọnú, bí ó bá sì jókòó sínú oòrùn, òjìji rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ.

Ìyá Ọ̀ṣúnwẹ̀mí, ìyá arúgbó tó dàgbà jù nínú agboolé, pe Ọdẹ́wọyè jókòó.

"Oògùn kò ní ṣe èyí," ìyá náà wí. "Ibi tí wọ́n ti ń se adùn ni kí o gbé e lọ."

"Níbo ni wọ́n ti ń sè é, Ìyá?"

"Lẹ́yìn Igbó Ìkorò. Ilé-iṣẹ́ àdídùn kan wà níbẹ̀, Ìyá Arẹmọlẹ́kún ló ni ín. Gbogbo adùn tó wà láyé, ibẹ̀ ni wọ́n ti sè é kí oyin tó lọ jí i gbé. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kì í korò mọ́. Àmọ́ àgbà kì í dá wọ ibẹ̀, ọmọdé náà kì í dá wọ ibẹ̀. Òbí tòun tọmọ ni wọ́n ń gbà wọlé."

Ọdẹ́wọyè fajú ro. "Ìyá, ọdẹ kì í jẹun iwin. Bàbá mi kìlọ̀ fún mi, bàbá tiẹ̀ náà kìlọ̀ fún un. Ẹni tó bá jẹun nílùú iwin, ibẹ̀ ló ń gbé."

"Ta ló pè ọ́ síbi oúnjẹ? Àbí ẹnu tìrẹ ló ń korò ni?"

Ọdẹ́wọyè pinnu nínú ara rẹ̀ pé òun á mú àdídùn náà, òun á dì í sínú àpò, òun á gbé e wálé kí ọmọ tó fẹnu kàn án. Ó gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó gbé Àwẹ̀ró kọ́rùn, ó sì wọ igbó lọ.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ ti rí ewúro rí, àmọ́ ẹ ò tíì rí ewúro tó ga ju ìrókò lọ. Òun ló kún Igbó Ìkorò láti etí dé etí. Ìrì ibẹ̀ korò. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń ta ni lọ́fun. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í kọrin, ńṣe ni wọ́n ń pòṣé. Bí Ọdẹ́wọyè ti dé àárín rẹ̀, ohun kan sọ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀ tí ilẹ̀ fi mì. Iwin ni. Ewé ewúro ni irun orí rẹ̀, eyín rẹ̀ dúdú bí ẹni tó ń jẹ orógbó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, itọ́ rẹ̀ sì ń jó koríko.

"Èmi ni Ìkorò-kò-tán," iwin náà wí. "Èmi ni mo bọ́ sódò tí ẹja fi sá lọ sórí igi. Ìwọ ta ni?"

"Èmi ni Ọdẹ́wọyè. Èmi ni mo wá kó àwọn ẹja yẹn lórí igi tí o lé wọn lọ. Yà fún mi."

Iwin náà kò yà. Ó na imú rẹ̀ gígùn, ó fi fa òórùn ẹnu Àwẹ̀ró, inú rẹ̀ sì dùn bí ẹni tó rí ẹbí tó ti sọnù. "Ọmọ wa nìyí," ó wí. "Ẹni tí ẹnu rẹ̀ bá korò, ará ìlú wa ni. Gbé e sílẹ̀."

"Ọmọ Ìbídùn nìyí. Kò sí ìbátan láàárín òun àtigi."

Ọdẹ́wọyè gbé Àwẹ̀ró sórí ẹ̀ka kan, òun àti iwin sì wọ̀yá ìjà. Ó gbé iwin ṣánlẹ̀, ilẹ̀ gbé iwin padà fún un. Ó tún gbé e ṣánlẹ̀, ilẹ̀ tún ní òun kò gbà á. Wọ́n jà títí igbó fi tẹ́jú níbi tí wọ́n wà, wọ́n sì jókòó, ọ̀kan ń mí lójú ọ̀kan. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kì bá ti jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ìkorò-kò-tán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọ̀nà kan ló lọ, òun náà ló bọ̀. Bí ẹ bá ń padà, màá tún gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Bí ó bá ti dùn, ẹ máa lọ sílé yín. Bí ó bá ṣì korò, èmi àti ìyá mi la ó máa tọ́ ọ. Ewúro ni yóò máa jẹ, kò sì ní rí ìlú yín mọ́."

Ọdẹ́wọyè gbà. Kí ni ì bá ṣe? Ẹni tó bá iwin jà, tí kò ṣẹ́gun, tí kò sì kú, ó ti jèrè.

Wọ́n jáde ní Igbó Ìkorò, wọ́n bá oríta. Ọ̀nà mẹ́ta ló pín sí. Ọ̀kan ń ta sánsán bí ilé tí wọ́n ti ń yan ẹ̀pà. Wọ́n to ìrèké sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì bí ẹni ń retí àlejò. Ọ̀nà kẹta gbẹ, ó ní eruku, kò ní nǹkan kan tó ń fa ojú mọ́ra.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká gba ibi ìrèké," Àwẹ̀ró wí láti orí ọrùn rẹ̀.

"Ọmọ ọdẹ ni ọ́. Bí mo bá fẹ́ mú òkété, kí ni mò ń fi síwájú pàkúté?"

"Ekùrọ́."

"Ṣé ibi tí ekùrọ́ wà yẹn ni ilé òkété?"

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí bàbá rẹ̀ gbọ́ láti ìgbà ibà. Ọdẹ́wọyè tẹ̀ ba, ó wo ilẹ̀ ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Lójú ọ̀nà olóòórùn, kò sí eèrà kan ṣoṣo. Lọ́nà ìrèké, kò sí. Àmọ́ lójú ọ̀nà eléruku, àwọn eèrà tó tóbi bí ewúrẹ́ tò lọ bí ọmọ-ogun. Àwọn tó ń lọ kò gbé nǹkan kan, àwọn tó ń bọ̀ gbé òkúta funfun tó ń dán sẹ́nu. Bí adùn bá wà níbì kan, eèrà kì í dúró de ìkéde. Ọdẹ́wọyè tẹ̀ lé wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí wọn.

"Ẹ máa rìn," èyí tó wà níwájú dáhùn, "ẹnu wa kún."

Ojú ọ̀nà náà já sí ẹnubodè idẹ kan. Oníbodè jókòó sídìí rẹ̀, ahọ́n rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń ká a sórí igi bí ẹni ń ká òwú. Ó fi orí ahọ́n kan afẹ́fẹ́ níwájú Ọdẹ́wọyè, ó ní, "Ìbọn, òógùn, ìgbéraga. Àti ọmọ. Ọmọ ló jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀. Ààlọ́ o."

"Ààlọ̀."

"Ìbejì kan ń gbé lẹ́bàá òkè, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbébẹ̀, ọ̀kan kò rí èkejì rí. Wọn kò lẹ́nu, àmọ́ bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, ọmọ ń gbọ́ tiwọn ju ti ẹni tó lẹ́nu lọ. Kí ni?"

Ọdẹ́wọyè bú sẹ́rìn-ín. "Ojú ni. Imú sì ni òkè náà. Ṣé ohun tí ẹ fi ń dẹ́rù ba àlejò nìyí?"

"O mọ̀ ọ́n," oníbodè wí, ó ń ká ahọ́n rẹ̀ lọ, "ṣùgbọ́n ẹni tó mọ orúkọ odò kò tíì lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Wọlé."

Ẹ fi àlọ́ yẹn pamọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àdídùn tó wà lọ́wọ́ yín. A ó padà wá gbé e.

Ha, ẹ̀yin ará mi, bí mo bá ní ẹnu méjì, ọ̀kan ì bá máa sọ ohun tí Ọdẹ́wọyè rí, èkejì ì bá ṣí sílẹ̀ lásán, nítorí bẹ́ẹ̀ ni tirẹ̀ ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà tóbi tó ìlú. Ògiri rẹ̀ pupa, ó ń dán bí ikùn ìkòkò. Èéfín ń jáde lókè ilé náà, èéfín ọ̀hún kì í sì í ta ni lójú. Òórùn àgbọn ló ní, àwọsánmà tó bá sì gba inú rẹ̀ kọjá á dúró díẹ̀ kó tó máa lọ. Tẹbí-tẹbí ni wọ́n ń wọlé. Iwin olórí méjì gbé ọmọ rẹ̀ dání, orí kan ń kọrin fún ọmọ, orí kejì ń bá a wí. Ìyá àgbọ̀nrín kan mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá fọwọ́ kan nǹkan, òun á fọwọ́ kàn án. Kò sí ọmọ tó ń sunkún níbẹ̀.

Ìyá Arẹmọlẹ́kún fúnra rẹ̀ ló jáde wá pàdé wọn. Ìyá ńlá ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, apá rẹ̀ méjèèjì sì kún fún àpá wẹ́wẹ́ níbi tí ṣúgà gbígbóná ti ta sí i. Bí ó ti rí Àwẹ̀ró, ó kúnlẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

"Ìyá mi, káàbọ̀. Orúkọ rẹ ńkọ́?"

"Àwẹ̀ró."

"Àwẹ̀ró, ẹsẹ̀ ta lo fi rìn wá?"

"Ẹsẹ̀ bàbá mi."

"Nígbà náà òun ló rẹ̀. Ẹ kú ìrìn, Bàbá Àwẹ̀ró. Ẹ jẹ́ kí n mú yín yíká kí á tó dé ibi títọ́wò."

Ó mú wọn wọ yàrá àgbọn. Àwọn iwin tó wà níbẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ wọn rí ṣákaṣàka bí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Wọ́n á fi àgbọn sáàárín ọwọ́, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́, àgbọn á sì máa já bọ́ bí òwú tí wọ́n ń gbọ̀n. Nítorí pé àtẹ́wọ́ ni iṣẹ́ wọn, ẹnikẹ́ni tó bá wọlé rò pé òun ni wọ́n ń yìn. Ọdẹ́wọyè tẹríba fún wọn títí ó fi yé e.

Ó mú wọn wọ yàrá ìkòkò. Agbada tó wà níbẹ̀, ilé lè wọnú ọ̀kan. Àwọn obìnrin tí apá wọn gùn bí àjẹ̀ ọkọ̀ ń rò ó, wọn kò wo inú rẹ̀ rárá. Etí ni wọ́n dẹ sí i.

"Kí ni wọ́n ń gbọ́?" Àwẹ̀ró béèrè.

"Ṣúgà ń sọ̀rọ̀, ìyá mi. Nígbà tí omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ó ń pariwo bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ nílé-ìwé. Bí omi bá ń tán, ohùn rẹ̀ á máa wálẹ̀, á sọ̀rọ̀ bí àgbà. Bí a bá jẹ́ kó dákẹ́ pátápátá, ó ti jóná."

Obìnrin kan kán ṣúgà náà sínú omi tútù. Ó ṣù, ó le, obìnrin náà bù ú jẹ, ó sì dún kọ́. "Ó ti jinná," ó wí, gbogbo wọn sì yọ igi iná lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdẹ́wọyè dúró gbagidi. Ó ti fi etí mọ ìrìn ẹtu, ó ti fi etí mọ ibi tí ejò sùn sí, kò sì mọ̀ títí di ọjọ́ yẹn pé oúnjẹ náà ní ohùn.

Yàrá fífà ló wá ṣe é ní háà. Irin ńlá kan tó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja wà lára ògiri níbẹ̀. Àwọn òmìrán méjì, Àfàsíhìn-ín àti Àfàsọ́hùn-ún, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, gbé ṣúgà gbígbóná kọ́ ọ, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ igi. Wọ́n fà á, wọ́n ká a, wọ́n tún fà á, wọ́n ń bú ara wọn lọ.

"O ò jẹun lánàá ni? Fà á."

"Ọwọ́ rẹ ló dà bí ọwọ́ ìyàwó ojú ọ̀nà. Ìwọ fà á."

Bí wọ́n ti ń fà á, pípọ́n rẹ̀ ń ṣí. Ó di àwọ̀ oyin, ó di àwọ̀ ehín erin, ó wá funfun, ó ń kọ mànà bí aṣọ àlà tuntun lójú oòrùn.

"Kí lẹ fi sí i?" Ọdẹ́wọyè béèrè.

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá," Àfàsíhìn-ín wí, òógùn bò ó. "Afẹ́fẹ́ nìkan ló wọnú rẹ̀. Ohun tó bá ṣókùnkùn, nígbà mìíràn, a ò tíì fà á tó ni."

Ọdẹ́wọyè gbé Àwẹ̀ró sókè kó lè rí i dáadáa, ó sì gbàgbé láti gbé e sílẹ̀ títí wọ́n fi gba ọ̀dọ̀ àwọn iwin oníka-púpọ̀ kọjá, àwọn tó ń fi bébà wé àdídùn, tí wọ́n ń lọ́ etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni ń parí irun dídì.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dé ṣọ́ọ̀bù. Ìgò ni láti ilẹ̀ dé àjà, oòrùn gba inú wọn kọjá, ara gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ sì di aláràbarà. Èyí tó wà nínú ìgò kan dùn bí òjò àkọ́rọ̀. Òmíràn dùn bí ìgbà tí ọmọ bá jí lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tó rí i pé wọn kò tíì délé. Ìyá Arẹmọlẹ́kún kọjá gbogbo wọn, ó mú baba dúdú kan níbi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sí, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ó gbé e sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Gbà, ìyá mi."

Àwẹ̀ró kò wo àdídùn náà. Ojú bàbá rẹ̀ ló wò.

"Gbà á," Ọdẹ́wọyè wí. "Kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá."

Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sáré ṣáájú ẹnu rẹ̀. Ó ranjú.

Àwẹ̀ró káwọ́ sẹ́yìn. "Ẹ ṣeun, Ìyá. Mo ti yó."

Ọmọ tí egungun àyà rẹ̀ hàn lórí aṣọ ló ní òun ti yó.

"Ẹ bá mi dì í," Ọdẹ́wọyè yára wí. "Yóò jẹ ẹ́ nílé."

"Àdídùn ilé yìí kì í kọjá ẹnubodè bí ẹni tó wá torí rẹ̀ kò bá tíì tọ́ ọ wò níbí," Ìyá Arẹmọlẹ́kún dáhùn. "Òkúta ni yóò dà nínú àpò rẹ. Mi ò ní ká ọwọ́ mi kò, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo máa ń nà án sí ọmọ kan. Bí èyí bá yọ́ tán, a ti parí nìyẹn."

Ọdẹ́wọyè wo àtẹ́lẹwọ́ náà. Etí àdídùn ti ń rọ̀. Omi dúdú kan ti ń ṣàn lọ sọ́rùn ọwọ́ ìyá náà. Ó rántí imú gígùn tó ń dúró dè wọ́n nínú igbó.

"Àwẹ̀ró, mo ní kí o gbà á."

"Mo ti yó, Bàbá."

"O ò yó. Ta ló bi ọ́ bóyá o yó? Gbà á kí inú tó bí mi."

Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀, ojú rẹ̀ tún ń tóbi sí i. Ọmọ náà sún sẹ́yìn. Ọdẹ́wọyè wá fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Ó dáa, mo ti dijú. Gbà á báyìí."

Ohùn kékeré kan dá a lóhùn: "Bàbá, bí ẹ bá dijú, mi ò mọ ohun tí ẹ wí."

Iwin olórí méjì fẹ́ rẹ́rìn-ín. Orí kan gbá èkejì lẹ́nu.

Nínú òkùnkùn àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ni àlọ́ oníbodè ti padà wá bá Ọdẹ́wọyè. Ìbejì kan ń gbé lẹ́bàá òkè. Ó rí gbogbo abọ́ oúnjẹ tí wọ́n gbé wá láti ìgbà tí Ìbídùn ti kú, gbogbo ọwọ́ tó nà sí ọmọ yìí tó padà lófìfo, àti òun fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, tí orí rẹ̀ ń wú. Ìkorò náà kò bá ibà wá. Ibà kàn ṣílẹ̀kùn fún un ni.

Ó ṣí ojú. "Màmá, ẹ ràn mí lọ́wọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀rù ń bà mí, ojú mi sì mọ̀ ọ́n. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pàṣẹ fún ojú."

"Ojú kì í gba àṣẹ," Ìyá Arẹmọlẹ́kún wí. "Ohun tí inú bá mọ̀ ló ń sọ. Fún inú rẹ ní nǹkan mìíràn tí yóò mọ̀."

Àdídùn ti kù bí èékánná àtàǹpàkò. Ọdẹ́wọyè ronú kan ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ pé ẹni tó bá jẹun iwin kì í délé mọ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ á mọ ọ̀nà. Ipa eèrà wà nílẹ̀. Ó mú àdídùn náà, ó gé e sí méjì, ó dá apá kan padà sórí àtẹ́lẹwọ́, ó sì ju apá kejì sẹ́nu.

Adùn náà kò sáré. Èéfín ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà àgbọn, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ ṣí bí ilẹ̀kùn. Ó rí Ìbídùn lábẹ́ igi ọsàn lóko, tó fi àdá la àgbọn, tó mu omi rẹ̀ tán kó tó rántí pé òun ní ọkọ, tó wá ń rẹ́rìn-ín sí i. Kò sí ẹni tó bu nǹkan fún Ọdẹ́wọyè jẹ mọ́ láti ọjọ́ tó ti kú, nítorí òun náà ti ń sọ fún gbogbo ayé pé òun ti yó. Omi lé ròrò sójú ọdẹ tó gbé iwin ṣánlẹ̀.

Àwẹ̀ró wo ojú náà bí ẹni tó ń wo inú kànga láti mọ̀ bóyá omi wà níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó mú èyí tó kù, ó fi sẹ́nu.

Ìkòkò tó wà ní yàrá kejì pàápàá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Bàbá," Àwẹ̀ró wí, "wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Ìyá Arẹmọlẹ́kún rẹ́rìn-ín tí ìgò fi ń kanra wọn. "Ìwọ nìkan lo mọ̀ ọ́n láti àárọ̀. Kí ló tún wà níbẹ̀?"

"Àgbọn wà níbẹ̀. Èéfín náà wà níbẹ̀." Ó lá ìka rẹ̀. "Ṣé ó kù?"

Ó kù. Ọmọ náà jẹ títí bàbá rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù nǹkan mìíràn. Wọ́n dì í kún àpò ọdẹ, wọ́n dágbére, wọ́n sì gba ọ̀nà eléruku padà. Ọdẹ́wọyè ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bóyá yóò kọ̀ láti lọ sílé. Kò kọ̀.

Ìkorò-kò-tán ń dúró níbi tó wí. Ó na imú, ó fa òórùn ẹnu Àwẹ̀ró, ojú rẹ̀ sì rọ bí ti ọmọ tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. "Kì í ṣe ará ìlú wa mọ́," ó wí. "Ẹ máa lọ."

Àwẹ̀ró yọ àdídùn kan nínú àpò. "Ẹ gbà."

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin tó ń bẹ̀rù iwin. Iwin yìí, tí ẹja ń sá fún lọ sórí igi, wẹ̀yìn. Lókè, láàárín ewé, ìyá rẹ̀ arúgbó jókòó, ó tín-ín-rín bí gbòǹgbò, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pọ́n bí iná. Ó ranjú. Ìkorò-kò-tán káwọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ ṣeun," ó wí. "Mo ti yó."

Àwẹ̀ró wo iwin náà, ó wo ìyá iwin. Ó gbé àdídùn náà sórí gbòǹgbò kan, ó sì di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú. Wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn: kọ́.

Nígbà tí wọ́n dé agboolé, Ìyá Ọ̀ṣúnwẹ̀mí ló kọ́kọ́ rí wọn. Ó bu ọ̀lẹ̀lẹ̀ gbígbóná, ó nà án sí Àwẹ̀ró. Ọmọ náà gbójú sókè láti wo bàbá rẹ̀ bó ti máa ń ṣe. Ọdẹ́wọyè ti wo ibòmíràn. Ó gbójú sí òrùlé, ó ń wo igi àjà bí ẹni tó fẹ́ rà á, kò sì gbójú wálẹ̀ títí ó fi gbọ́ tí ṣíbí ń kan ìdí abọ́.

Àbọ̀ ìrìn-àjò ọ̀gá mi rèé. Bí mo ti gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni mo fi lé yín létí. Bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe gbọ́ ọ lẹ́nu Àwẹ̀ró, nítorí Àwẹ̀ró ló gbé àwo kọjá níwájú yín. Òun ló jókòó sẹ́bàá ìdáná yẹn, tó ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Kò wo inú ìkòkò rẹ̀ rí bó bá ń se ṣúgà. Etí ló ń dẹ sí i.

Ó yá, mo rí i pé àdídùn ti ń yọ́ mọ́ àwọn ọmọ lọ́wọ́, àti pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ìyá wọn, wọ́n ń wo ojú bàbá wọn. Ẹ̀yin òbí, mo bẹ̀ yín. Ẹ bá mi wo òrùlé díẹ̀.